Kí Ó Má Baà Bọ́ Kí Ọjọ́ Rẹ̀ Tó Pé: Ìtọ́jú Ẹ̀rọ Àtọ̀gbẹ Tí À Ń Lẹ̀ Mọ́ Ara

ÌPÌLẸ̀
Ọdún 1922 ni wọ́n kọ́kọ́ gún ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Leonard Thompson, ní abẹ́rẹ́ ínsúlínì ní ìlú Toronto. Sẹ́ńsọ̀ àkọ́kọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí, ìyẹn ẹ̀rọ tí à ń lẹ̀ mọ́ ara láti máa ka ṣúgà, jáde ní 1999. Ọjọ́ 3 péré ló ń lò lára. Omnipod, pọ́ǹpù ínsúlínì tí kò ní okùn, gba àṣẹ ní 2005, sẹ́ńsọ̀ FreeStyle Libre sì dé ọjà Yúróòpù ní 2014. Lọ́dọ̀ àwọn èèyàn wa ní Britain, ìlànà NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ìlera níbẹ̀, ti oṣù Kẹta ọdún 2022 sọ pé kí wọ́n fi sẹ́ńsọ̀ lọ gbogbo àgbàlagbà tó ní àtọ̀gbẹ irú kìíní, NHS, ètò ìlera ìjọba, ló sì ń sanwó rẹ̀. Nílé níbí ní Nàìjíríà, àpò ara ẹni ni ọ̀pọ̀ fi ń rà á, tàbí kí ẹ̀gbọ́n tó wà lókè òkun fi ránṣẹ́. Èyí tó bá bọ́ lọ́jọ́ kẹfà nínú ọjọ́ 14, owó ọjọ́ 8 ló bá a lọ. Ìdí nìyí tí a fi kó ojú ewé yìí jọ.

ÌṢIRÒ ỌJỌ́
FreeStyle Libre 2 àti Libre 3 ń lo ọjọ́ 14. Èyí tí wọ́n kọ Plus sí lára ń lo ọjọ́ 15. Sẹ́ńsọ̀ Dexcom G6 ń lo ọjọ́ 10. G7 ń lo ọjọ́ 10 pẹ̀lú wákàtí 12 ìfaradà lórí rẹ̀. Omnipod ń lo ọjọ́ 3, ó ní wákàtí 8 ìfaradà. Abẹ́rẹ́ pọ́ǹpù olókùn ń lo ọjọ́ 2 sí 3. Sẹ́ńsọ̀ Eversense yàtọ̀ ní tirẹ̀: dókítà ló ń tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ awọ apá, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní 2024 sì ń lo ọjọ́ 365, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń jókòó sórí awọ náà ń fẹ́ pílásítà tuntun lójoojúmọ́.

Nínú ọdún kan, bí ọ̀kankan kò bá bọ́, ẹni tó ń lo ti ọjọ́ 14 yóò lo 26. Ẹni ọjọ́ 15 yóò lo 24 tàbí 25, ẹni ọjọ́ 10 yóò lo 36 tàbí 37, ẹni tó ń lo Omnipod yóò sì lo bíi 122. Bí mẹ́ta péré bá bọ́ lójijì nínú ti ọjọ́ 10, ó ṣeé ṣe kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti ṣòfò.

Ẹ kọ ọjọ́ ìpààrọ̀ sára kàlẹ́ńdà ògiri. Ti ọjọ́ 14 kì í kúrò lójú kan: ẹni tó lẹ̀ ẹ́ ní Àìkú, Àìkú ni yóò máa pààrọ̀ rẹ̀ títí. Ti ọjọ́ 15 ń fi ọjọ́ kan sún síwájú. Ti ọjọ́ 10 ń fo ọjọ́ mẹ́ta: Àìkú, Ọjọ́rú, Àbámẹ́ta, Ìṣẹ́gun, Ẹtì, Ajé, Ọjọ́bọ̀, kó tó padà sí Àìkú lẹ́yìn ọjọ́ 70. Ọ̀nà kan náà ni Omnipod ń tọ̀, àmọ́ ọjọ́ 21 péré ló fi ń yí i po.

Ẹ má ṣe kà á bí a ṣe ń ka ọrún ọjà, tí a máa ń ka ọjọ́ tí a wà lórí rẹ̀ mọ́ ọn. Wákàtí ni ẹ̀rọ ń kà: 336 fún ti ọjọ́ 14, 240 fún ti ọjọ́ 10, 72 fún Omnipod. Èyí tí ẹ lẹ̀ ní agogo 7 alẹ́ Àìkú, agogo 7 alẹ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ méjì sí i ni yóò dákẹ́, kò sì sí pílásítà tó lè fi wákàtí kan kún un.

Sẹ́ńsọ̀ tuntun kì í sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Libre ń fẹ́ ìṣẹ́jú 60 kó tó ka ohunkóhun, G6 ń fẹ́ wákàtí 2, G7 ń fẹ́ ìṣẹ́jú 30. Lẹ́yìn ìwẹ̀ ìrọ̀lẹ́, ṣáájú oúnjẹ alẹ́, ni àsìkò tó dára jù: yóò ti jí kí ẹ tó sùn, gúlúù rẹ̀ yóò sì ní gbogbo òru láti di awọ mú kí omi àárọ̀ tó kàn án.

ÌMÚRA AWỌ
Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ra gúlúù olówó ńlá nígbà tó jẹ́ pé awọ ni wọn kò múra sílẹ̀. Gúlúù kì í di òróró mú, kì í di òógùn mú, bẹ́ẹ̀ ni kì í di èépá awọ tó ti kú mú. Nígbà tí èépá yẹn bá ṣí, ẹ̀rọ á bá a lọ.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú, ẹ fi kànrìnkàn ìbílẹ̀ àti ọṣẹ fọ ibẹ̀ ní pẹ̀lẹ́. Kànrìnkàn ìyá wa ṣì ń ṣe iṣẹ́ yìí ju ìpara ìbó-awọ tí wọ́n ń tà nínú ike lọ, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ẹ má ṣe é lọ́jọ́ ìlẹ̀mọ́ gan-an, nítorí awọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó máa ń ta. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kí òrí, fasilíìnì àti ìpara má ṣe kan ibẹ̀ mọ́. Ẹ lè fi pa gbogbo ara yòókù. Bí irun bá pọ̀, ẹ fi sáàsì gé e mọ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ abẹ lẹ fẹ́ lò, kó jẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Lọ́jọ́ ìlẹ̀mọ́, ọṣẹ tí kò ní òróró tàbí lọ́fíńdà ni kí ẹ lò. Ọṣẹ dúdú tó ní àdín nínú máa ń fi ọ̀rá díẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí kò bá lè fi í sílẹ̀, kó ṣan ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi aṣọ mímọ́ nù ún gbẹ. Lẹ́yìn náà ni òwú sípíríìtì, ti ìwọ̀n 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ nù ún láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ, nítorí èémí ní omi àti kòkòrò nínú. Nígbà tí ojú rẹ̀ kò bá dán mọ́, tí kò sì tutù mọ́ sí ẹ̀yìn ọwọ́, ó ti gbẹ nìyẹn.

Ẹni tó bá ń làágùn gan-an lè fi gúlúù olómi ti awọ, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Skin Tac, pa ibẹ̀ yípo bí òrùka, kó fi àárín tí abẹ́rẹ́ yóò wọ̀ sílẹ̀. Ẹ dúró kó di èyí tó ń lẹ̀ mọ́ ìka díẹ̀ kí ẹ tó tẹ ẹ̀rọ mọ́ ọn. Ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó, kí ooru ọwọ́ yín ràn án, kí ẹ sì fi ìka tẹ etí rẹ̀ yíká. Irú gúlúù yìí, títẹ̀ ló ń mú un dì.

Pílásítà ìbòrí, ọjọ́ kìíní ni a ń lò ó, kì í ṣe ìgbà tí etí bá ti ṣí. Kò pọn dandan kí ẹ ra èyí tí wọ́n gé sílẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Róòlù Hypafix tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10, tó gùn ní mítà 10, yóò fún yín ní ègé 100 tí igun rẹ̀ dọ́gba; ènìyàn méjì tó ń lo ti ọjọ́ 14 yóò lò ó fún ọdún kan, yóò sì ṣẹ́kù. Ẹ gé igun rẹ̀ kúrò kó di róbótó, nítorí igun ni aṣọ kọ́kọ́ máa ń hú. Kó fi ìbú ìka kan kọjá etí ẹ̀rọ. Lára Libre, ihò kékeré kan wà láàárín. Ẹ má ṣe bò ó. Lára Omnipod, ẹ má ṣe bo ojú fèrèsé tí a fi ń wo túùbù.

Súpá gúlúù àti sẹlotéèpù kò ní iṣẹ́ kankan lára ènìyàn. A ń tọ́jú owó, ṣùgbọ́n kì í ṣe lórí awọ.

IBI TÍ À Ń LẸ̀ Ẹ́ MỌ́
Ẹ̀yìn apá òkè ni ti Libre. Ti Dexcom G7, ẹ̀yìn apá náà ni, ṣùgbọ́n fún ọmọ ọdún 2 sí 6, òkè ìdí tún wà níbẹ̀. Ẹ yẹra fún ojú àpá, gbẹ́rẹ́, àpá tó wú, àti ibi tí abẹ́rẹ́ ínsúlínì ti mú kí ẹran ara le gbandi. Ẹ lẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀yìn pátápátá, tó fi jẹ́ pé ẹni tó kọjú sí yín kò ní rí i. Èyí tó yọ sí ẹ̀gbẹ́ ni férémù ilẹ̀kùn ń gbá dànù.

Ìyá tó ń pọnmọ, ọjá yóò gba inú àti ẹ̀gbẹ́ kọjá. Kó gbé pọ́ǹpù kúrò níbẹ̀. Ọwọ́ ọmọ ẹ̀yìn sì mọ bí a ti ń hú nǹkan, nítorí náà kí sẹ́ńsọ̀ apá wà lábẹ́ ọwọ́ aṣọ. Bùbá léèsì tí ọwọ́ rẹ̀ fún: apá tó ní ẹ̀rọ ni kó kọ́kọ́ wọlé, òun náà ni kó jáde kẹ́yìn. Awakọ̀ ní Nàìjíríà, èjìká òsì ni bẹ́líìtì ọkọ̀ ń gbà; ní Britain, èjìká ọ̀tún ni. Ẹ lo apá kejì. Ẹni tó bá sì ń fi ẹ̀gbẹ́ kan sùn, kó má lẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ náà, torí bí ara bá tẹ sẹ́ńsọ̀ mọ́lẹ̀ ó lè sọ pé ṣúgà ti lọ sílẹ̀ nígbà tí kò lọ sílẹ̀.

ÀSÌKÒ ÀSÌKÒ
Oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ọyẹ́. Awọ á gbẹ, á máa ṣí. Ìgbà yìí ni kànrìnkàn ṣe pàtàkì jù lọ. Ẹ fi òrí pa apá tó ń sinmi, èyí tí ẹ̀rọ kò sí lára rẹ̀, lálaalẹ́ àfi alẹ́ tó ṣáájú ìlẹ̀mọ́, kó lè rọ̀ kí iṣẹ́ tó kàn án.

Oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin, ooru. Òógùn ni ọ̀tá. Ẹ wo páálí kí ẹ tó fi sẹ́ńsọ̀ pa mọ́: ìwọ̀n ooru 30 ti Celsius ni òpin fún Dexcom G7, àwọn mìíràn kò tó bẹ́ẹ̀, yàrá olórùlé páànù sì ń kọjá 30 lọ́sàn-án. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Oògùn ẹ̀fọn tí à ń fi pa ara lè mú kí ike Dexcom G6 sán. Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó kàn án.

Oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹwàá, òjò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí aṣọ tútù gbẹ mọ́ yín lára.

Oṣù Kọkànlá, ọ̀pọ̀ ìnáwó. Ẹ pààrọ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú ayẹyẹ.

OMI
Libre: mítà 1, ìṣẹ́jú 30. Dexcom G7: mítà 2.4, wákàtí 24. Omnipod: mítà 7.6, ìṣẹ́jú 60. Lẹ́yìn ìwẹ̀, ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì tẹ̀ ẹ́, ẹ má ṣe nù ún.

BÍ Ó BÁ Ń ṢÍ
Bó bá jẹ́ etí nìkan, ẹ gé ibi tó ti dọ̀tí kúrò, kí ẹ fi pílásítà bò ó. Bó bá jẹ́ pé okùn tín-ín-rín abẹ́ rẹ̀ ti jáde, ẹ má ṣe tì í padà láéláé. Ẹ tú u, ẹ gún ìka, ẹ fi ìyẹn ṣiṣẹ́. Ẹ má ju páálí àti nọ́ńbà ara rẹ̀ nù, nítorí ilé iṣẹ́ tó ṣe é lè fún yín ní òmíràn dípò rẹ̀, wọn yóò sì béèrè nọ́ńbà náà. Tí túùbù pọ́ǹpù bá jáde, kò ní ṣeé dúró títí di ọ̀la: láàárín wákàtí díẹ̀ ni ṣúgà ẹni tó ní àtọ̀gbẹ irú kìíní yóò gòkè gan-an.

ÌTÚ
Ọ̀pọ̀ nínú ìbàjẹ́ awọ tí àwọn èèyàn ń dá gúlúù lẹ́bi fún, ìgbà ìtú ló ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹ fi òróró àgbọn pa etí pílásítà, kí ẹ dúró ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ fi ọwọ́ kan di awọ mú, kí ẹ fi èkejì ká pílásítà padà sórí ara rẹ̀, kó sún mọ́ awọ, ní ọ̀nà tí irun dojú kọ. Ẹ má fà á sókè. Bó bá le, ẹ tún fi òróró sí i. Ẹ fọ ọ̀rá náà kúrò, ẹ fi òrí díẹ̀ pa á, kí ibẹ̀ sì sinmi títí ọjọ́ apá kejì yóò fi pé.

ARA YÍYÚN
Ní 2017 ni àwọn oníṣègùn awọ ní Yúróòpù jẹ́ kó di mímọ̀ pé kẹ́míkà isobornyl acrylate tó wà nínú Libre ìgbà náà ló ń fa ara yíyún àwọn kan. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn awọ kan ní Amẹ́ríkà sì yàn án ní akóniníyọnu ọdún 2020. Ẹni tí ara rẹ̀ bá yọ omi tàbí tó wú lábẹ́ ẹ̀rọ, oníṣègùn awọ ni kó lọ bá.

ÀYẸ̀WÒ MRI
Ẹ sọ fún àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò náà pé ẹ̀rọ wà lára yín kí ẹ tó wọlé.

ÌRÌNÀJÒ
Nínú àpò kan tí kò ní kúrò lọ́wọ́ yín: sẹ́ńsọ̀ kan tàbí pọ́ọ̀dù Omnipod méjì lé lórí iye tí ọjọ́ ìrìnàjò yóò gbà, ègé pílásítà mẹ́ta tí ẹ ti gé, òwú sípíríìtì mẹ́fà, ìgò òróró kékeré, ẹ̀rọ ìgúnka pẹ̀lú ìwé ìdánwò rẹ̀, àti abẹ́rẹ́ ínsúlínì lásán fún ẹni tó ń lo pọ́ǹpù.