Ṣé o mọ̀? Omi kànga lè pa ewéko tó ń jẹ eṣinṣin

Ẹni tó bá gbin Venus flytrap sí ọ̀ọ̀dẹ̀ ní Ṣómólú tàbí Bàrígà, ẹ̀rù ebi kọ́ ni kó máa bà á. Omi ni. Iyọ̀ inú omi kànga àti bọ́háólù máa ń ba gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́; omi òjò tí a fi bàsíà gbà ní gbangba ló fẹ́. Ike bọ́tà tí a dá ihò sí nídìí sàn fún un ju ìkòkò amọ̀ lọ, kí iyanrìn tí a fọ̀ dáadáa wà nínú rẹ̀, láìsí ajílẹ̀ rárá.

Ẹ má fi ìka tọ́ ọ ṣeré! Irun ẹnu rẹ̀ ń ka ìfọwọ́kàn: ẹ̀ẹ̀mejì láàárín nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú-àáyá, ó pa ẹnu dé.

Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà náà ní ewéko tó ń jẹ kòkòrò tirẹ̀. Triphyophyllum peltatum, ìtàkùn igbó Sierra Leone, Liberia àti Côte d'Ivoire, kì í jẹ kòkòrò nígbà gbogbo. Lọ́dún 2023, àwọn onímọ̀ ní Hannover àti Würzburg, ní Jámánì, rí i pé àìtó fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ló ń mú un dẹ pańpẹ́, bí ẹni tí kì í yà sí búkà àfi bí ìkòkò ilé bá gbẹ.