ÀRÙN JẸJẸRẸ ỌMÚ: BÍ A ṢE LÈ TÈTÈ MỌ̀ Ọ́N ÀTI BÍ A ṢE LÈ BÁ A GBÉ

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé ìròyìn wa ti ọdún yìí kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń sọ ní gbangba, nítorí pé ibi tí obìnrin ń fi aṣọ bò lára ló jẹ mọ́. Ṣùgbọ́n ìtìjú yẹn gan-an ti pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá àti ẹ̀gbọ́n wa, ìdí nìyí tí mo fi ní kí n má ṣe dákẹ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ti ń ka ìwé Lárúbáwá mọ̀ pé saratáánù ni orúkọ akàn inú omi. Orúkọ yìí kan náà ni wọ́n ń pe àrùn jẹjẹrẹ. Àwọn oníṣègùn Gíríkì àtijọ́ ló ti fi akàn wé e, nítorí pé àwọn iṣan tó wú máa ń nà yí kókó náà ká bí ẹsẹ̀ akàn. Oníṣẹ́ abẹ ńlá kan wà ní ìlú Cordoba, ní Andalusia, tí ń jẹ́ Abu al-Qasim al-Zahrawi, tó kú ní nǹkan bí ọdún 1013. Ó ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀, Kitab al-Tasrif, pé bí saratáánù bá wà níbi tí a ti lè gé e kúrò tán pátápátá, bíi ọmú, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tó sì kéré, kí a gé e. Ṣùgbọ́n bó bá ti pẹ́, tó ti tóbi, kí oníṣègùn má ṣe sún mọ́ ọn. Ó jẹ́wọ́ pé òun kò rí irú èyí wò sàn rí. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tó ti kọ ọ̀rọ̀ yìí. Oògùn ti pọ̀ ju ti ayé rẹ̀ lọ fíìfíì, àmọ́ ohun tó sọ nípa èyí tó kéré àti èyí tó tóbi ṣì ni gbogbo àwọn dókítà ń tún sọ títí di òní.

Kí ni àrùn náà gan-an? Ara èèyàn kún fún àwọn ohun tín-tìn-tín tí ojú lásán kò lè rí, tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Wọ́n ń bí ara wọn, wọ́n ń gbó, wọ́n ń kú, àwọn tuntun sì ń rọ́pò wọn létòlétò. Nígbà mìíràn ọ̀kan nínú wọn, pàápàá ní ojú ọ̀nà tí omi ọmú ń gbà wá sí orí ọmú, yóò ya aláìgbọràn, yóò máa pọ̀ sí i láìdúró títí yóò fi di kókó. Kókó náà kò ní jókòó sójú kan. Ó lè gba ojú iṣan dé abíyá, láti ibẹ̀ dé egungun, ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀ tàbí ọpọlọ. Kì í sábà jẹ́ èyí tó wà nínú ọmú ló ń pa èèyàn, èyí tó ti ṣí lọ síbòmíràn ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní ọdún 2022, àwọn obìnrin tí wọ́n rí i lára wọn káàkiri ayé tó mílíọ̀nù 2.3, àwọn tó sì kú jẹ́ 670,000. Ọkùnrin náà máa ń ní in, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í ju ẹyọ kan lọ nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn. Kí baba tó bá rí kókó lẹ́yìn orí ọmú rẹ̀ má rò pé àrùn obìnrin ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan, ìyá àsálátù pàtàkì, rí kókó kan bí ẹ̀pà nínú ọmú òsì rẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́, oṣù mẹ́fà ti kọjá.

Mo ní, “Àlájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù.”

Wọ́n ní, “Ọmọ mi, kò dùn mí rárá. Ohun tí kò dun èèyàn, kí ni wọ́n fẹ́ wò níbẹ̀?”

Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni àrùn yìí ti ń tan èèyàn jẹ. A ti mọ̀ láti kékeré pé ohun tó bá ń ṣe wá yóò máa dùn wá. Kókó jẹjẹrẹ kì í sábà dun èèyàn nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sórí ni ìrora ń dé. Àwọn kan ní kí Àlájà máa fi àgbo pa á, àwọn kan ní ọ̀tá ló ta ọfà sí wọn, ẹnì kan tilẹ̀ sín gbẹ́rẹ́ sí i. Ọmú náà bẹ́, ó di egbò, ó ń rùn, wọn kò lè jókòó láàárín ẹgbẹ́ mọ́. Ìgbà tí a gbé wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó ti wọ inú egungun. Wọ́n kú kí ọdún tó yípo. Ọlọ́hun Ọba kó forí jì wọ́n. Kì í ṣe wọn nìkan ni ó rí bẹ́ẹ̀ fún: ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ń dé ọsibítù nítorí àrùn yìí ló jẹ́ pé ó ti dé ìpele kẹta tàbí ìkẹrin, nínú ìpele mẹ́rin.

Ta ni ó lè ní in? Gbogbo obìnrin ni. Nǹkan bí ìdajì àwọn tó ń ní in ni kò ní ohun kankan tí a lè tọ́ka sí ju pé wọ́n jẹ́ obìnrin, wọ́n sì ti dàgbà. Ẹni tí ìyá rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti ní in rí yẹ kó túbọ̀ ṣọ́ra. Bákan náà ni ẹni tó tètè bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù, ẹni tí kò bímọ tàbí tó pẹ́ kó tó bí àkọ́bí, ẹni tó sanra jù lẹ́yìn ìgbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, àti ẹni tó ń mu ọtí. Àwọn ìdílé kan wà tí ó ń gba inú ẹ̀jẹ̀ ran ọmọ. Ní ọdún 1994 àti 1995 ni àwọn onímọ̀ rí àwọn jíìnì méjì tí wọ́n sọ ní BRCA1 àti BRCA2. Ọmọ ilẹ̀ wa kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunmilayo Olopade, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó di ọ̀gá ní Yunifásítì Chicago ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó fi hàn pé jẹjẹrẹ ọmú tí ń ṣe àwọn obìnrin dúdú máa ń bá wọn ní kékeré, ó sì máa ń le. Nítorí náà, kí ọmọ ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀ má sọ pé ó di ìgbà tí òun bá darúgbó.

Fífún ọmọ lọ́mú ń dín ewu náà kù. Ní ọdún 2002, wọ́n kó ìwádìí 47 láti orílẹ̀-èdè 30 jọ, wọ́n sì rí i pé bí obìnrin bá ṣe ń fi oṣù 12 fún ọmọ lọ́mú, ewu náà ń fi 4.3 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ẹni tó bá ti ka Súúrà Bákárà yóò rántí ọdún méjì gbáko tí a mẹ́nu bà níbẹ̀ fún ìyá tó bá fẹ́ fún ọmọ lọ́mú tán. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìyá ọlọ́mọ mẹ́fà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àlájà tí mo sọ̀rọ̀ wọn yẹn bí méje.

Ohun tó yẹ kí obìnrin máa ṣọ́ nìyí: kókó tàbí ibi tó le nínú ọmú tàbí ní abíyá, ọmú kan tó ṣàdéédé tóbi tàbí yí padà, awọ ara rẹ̀ tó ń jìn wọnú, tàbí tó rí ṣágiṣàgi bí èèpo ọsàn, orí ọmú tó wọlé lọ nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ara orí ọmú tó ń bó bí ẹni tí kúrúnà ń jà, omi tàbí ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde lára ẹni tí kò fún ọmọ lọ́mú. Ẹni tó ń ṣe nǹkan oṣù lè yẹ ara rẹ̀ wò ní bí ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tó bá parí, nígbà tí ọmú bá rọ̀. Kó dúró níwájú dígí, kó fọwọ́ lé ìbàdí, kó tún na apá sókè, kó wo méjèèjì dáadáa. Lẹ́yìn náà kó dùbúlẹ̀, kó fi ìrọ̀rí sábẹ́ èjìká, kó fi inú ìka mẹ́ta àárín (kì í ṣe ṣóńṣó ìka) máa yí i díẹ̀díẹ̀ láti egungun ọrùn dé ìsàlẹ̀ ọmú àti wọnú abíyá, kó kọ́kọ́ rọra tẹ̀ ẹ́, kó tún tẹ̀ ẹ́ jinlẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ kan níhìn-ín. Ní Shanghai ní ilẹ̀ Ṣáínà, wọ́n kọ́ àwọn obìnrin bí a ṣe ń ṣe èyí, wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí a kò kọ́. Iye gbogbo wọn lé ní 266,000. Èsì tó jáde ní ọdún 2002 fi hàn pé fífọwọ́ tẹ ọmú lóṣooṣù nìkan kò dín ikú kù. Kí ni àǹfààní rẹ̀ nígbà náà? Àǹfààní rẹ̀ ni pé kí o mọ bí ọmú rẹ ṣe rí, kó fi jẹ́ pé ọjọ́ tó bá yí padà, o ó mọ̀, o ó sì lọ sí ọsibítù láìdúró. Láti bí ogójì ọdún sókè, kí obìnrin béèrè lọ́wọ́ dókítà nípa fọ́tò ọmú tí wọ́n ń pè ní mámógíráàmù, tó lè rí kókó tí ìka kò tíì lè bà.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin wa, ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú kókó inú ọmú kì í ṣe jẹjẹrẹ, pàápàá lára ọ̀dọ́. Ọmú sì lè wú kó sì gbóná lára ìyá ọlọ́mọ tuntun nítorí kòkòrò àrùn lásán. Ṣùgbọ́n ìka kò lè ṣe ìdájọ́, àlá kò lè ṣe é, àyẹ̀wò ló lè sọ. Dókítà yóò fọwọ́ bà á, yóò fi ẹ̀rọ wò ó, bí ó bá sì yẹ, wọn yóò fi abẹ́rẹ́ yọ ẹran díẹ̀ níbẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Àwọn èèyàn wa máa ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́ yìí, wọ́n ní bí irin bá ti kan jẹjẹrẹ yóò tàn ká. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n rí tó kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ pé àrùn ti tàn ká kí wọ́n tó dé ibẹ̀.

Ìtọ́jú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀nà kan. Wọ́n lè gé kókó náà nìkan tàbí gbogbo ọmú. Wọ́n lè fa oògùn tó lágbára sí iṣan lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta, èyí tí ń mú kí irun re kí inú sì máa rú. Wọ́n lè fi ìtànṣán ẹ̀rọ jó ibẹ̀. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé họ́mónù obìnrin ni sẹ́ẹ̀lì náà ń jẹ, hóró oògùn bíi tamoxifen wà tí à ń lò fún ọdún márùn-ún tàbí mẹ́wàá. Fún irú kan tí wọ́n ń pè ní HER2, abẹ́rẹ́ trastuzumab ti wà láti ọdún 1998, àmọ́ owó rẹ̀ ga ju apá ọ̀pọ̀ ìdílé lọ. Ọ̀rọ̀ owó yìí, kí a má tan ara wa, òun ló ń lé ọ̀pọ̀ sá lẹ́yìn tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Mo rò pé ìdáwó mọ́ṣáláṣí tí à ń lò fún kíkun ògiri lè ṣe é fún ìtọ́jú aláìsàn lọ́dún kan, kí ògiri náà ní sùúrù. Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ètò kan kalẹ̀: kí ó ju 60 nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn lọ tí a ó rí tiwọn ní ìpele kìíní tàbí ìkejì, kí àyẹ̀wò parí láàárín ọjọ́ 60, kí 80 nínú ọgọ́rùn-ún sì gba ìtọ́jú tán. Ọjọ́ 60 yìí ni kí ẹ̀yin ọkọ fi sọ́kàn. Ẹ má sọ pé ó di ẹ̀yìn ọdún iléyá.

Ní ti pé ọkùnrin ni dókítà: kí a kọ́kọ́ béèrè obìnrin. Bí kò bá sí, àwọn onímọ̀ fíkíhì sọ pé tipátipá sọ ọ́ di ohun tó tọ́, kí ọkọ tàbí obìnrin mìíràn wà níbẹ̀, kí a má sì ṣí ju ibi tí ó yẹ lọ. Àdúà dára, kò sì sí ẹni tó ní kí a fi sílẹ̀. Ànọ́bì wa, kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a, ló ní kí a máa wá ìwòsàn.

Lẹ́yìn ìtọ́jú, ayé ń lọ. Àrùn náà kò ràn: ẹ bá a jẹun nínú àwo kan, ẹ bá a sùn. Ẹni tí omi kò gbọdọ̀ kan egbò rẹ̀ lè fi ọwọ́ tútù pa orí báńdéèjì rẹ̀ nígbà àlùwàlá, tàbí kó ṣe tàyàmámù. Aláìsàn tó ń gba oògùn lọ́wọ́ ní oṣù Ràmàdánì ní ìyọ̀ǹda láti má gba ààwẹ̀, yóò san án padà bí ara bá yá. Bí wọ́n bá ti yọ kókó abíyá, apá ẹ̀gbẹ́ náà lè wú. Kó máa ṣọ́ra fún ọ̀bẹ, iná àti ẹ̀gún, bó bá sì pọ́n tó gbóná, kó tètè lọ rí dókítà.

Àbúrò mi obìnrin rí kókó tirẹ̀ ní ọdún kẹta lẹ́yìn ikú Àlájà. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ó ti dé ọsibítù, nítorí ó ti rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Wọ́n gé ọmú kan, ó gba oògùn mẹ́fà, irun rẹ̀ re, híjáàbù bò ó, ó tún hù. Ọdún keje rèé. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kò lè gbé apá ọ̀tún rẹ̀ ga ju èjìká lọ, nọ́ọ̀sì sì kọ́ ọ pé kó dojú kọ ògiri, kó máa fi ìka gùn ún sókè bí alángbá, lójoojúmọ́, kó fi ẹfun sàmì sí ibi tó bá dé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ ó pè mí láàárọ̀ kùtùkùtù pé òun ti gbé ọwọ́ méjèèjì dé etí nígbà tí òun ń kábárà ìrun àsùbáà.