Omi ju omi lọ! Ohun tó ń mú àwọn òmùwẹ̀ fi púùlù sílẹ̀ bọ́ sójú ọ̀sà

Lọ́jọ́ 30, oṣù kẹta, ọdún 2023, bí ọkọ̀ ṣe ń sáré lọ sáré bọ̀ lórí afárá Third Mainland l'Ékòó, ọ̀dọ́kùnrin kan wà nínú omi nísàlẹ̀, apá ló fi ń wa ara ẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi. Akinrodoye Samuel lorúkọ ẹ̀. Kò já sómi o, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ò lé e débẹ̀. Ńṣe ló mọ̀ọ́mọ̀ bọ́ sọ́sà, tó lúwẹ̀ẹ́ bá afárá tó gùn tó kìlómítà 11.8 yẹn lọ, nǹkan bíi wákàtí 3 ló sì fi ṣe é. Ìdí tó fi dá a láṣà ni pé ó fẹ́ káwọn èèyàn máa sọ̀rọ̀ ìdààmú ọkàn síta, kẹ́ni tí ayé sú má baà máa dá ẹrù ẹ̀ gbé. Ẹ sì mọ̀ pé afárá yẹn kan náà la ti máa ń gbọ́ ìròyìn ìbànújẹ́ nípa àwọn tí ọkàn wọn ti rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀. Púùlù ńlá tí wọ́n fi ń ṣe ìdíje Òlíńpíìkì, mítà 50 ló gùn. Ká ní inú púùlù bẹ́ẹ̀ ni Samuel ti fẹ́ rin ìrìn kìlómítà 11.8, ìgbà 236 ni ì bá lọ láti ògiri kan dé èkejì. Ta ló máa jókòó wo irú ẹ̀? Kó tó dé ìgbà 40, ẹni tó ń bá a kà á á ti sùn lọ. Ṣùgbọ́n torí pé ojú ọ̀sà ló ti ṣe é, ìròyìn ẹ̀ tàn kálẹ̀, àwọn tí kò sí níbẹ̀ pàápàá ń mi orí.

Ìbéèrè tó wá wà nílẹ̀ nìyí: kí ló wà nínú omi gbalasa, ìyẹn òkun, ọ̀sà àti odò tí Ọlọ́run fọwọ́ ara ẹ̀ dá, tí kò sí nínú púùlù tí bíríkìlà mọ? Kí ló dé tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ẹni tó bá ti tọ́ ọ wò, inú púùlù kì í wù ú bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́? Ṣé ewu ibẹ̀ ò wá ju adùn ẹ̀ lọ ni?

Púùlù ló ń kọ́ni, kò sí àní-àní

Kẹ́nikẹ́ni má bú púùlù o. Nínú púùlù, gbogbo nǹkan ló ti létò. Omi mọ́ gaara, èèyàn ń rí ìlà dúdú tí wọ́n fà sísàlẹ̀, ìlà yẹn ló ń tọ́ òmùwẹ̀ sọ́nà kó má baà wẹ̀ wọ́. Ó mọ ibi tí omi ti mọ ní ìbàdí, ó mọ ibi tó ti bo orí. Bó bá rẹ̀ ẹ́, á di etí púùlù mú, á mí, á nu ojú, á tún máa bá tiẹ̀ lọ. Gbogbo ìgbà tó bá kan ògiri, á fẹsẹ̀ tì í, ìtì yẹn á sì gbé e síwájú lọ́fẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ lèèyàn ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń mí nínú omi, bí wọ́n ṣe ń léfòó, bí wọ́n ṣe ń gbá ẹsẹ̀.

Kẹ́míkà kílórìnì tí wọ́n ń dà sí i ló ń pa kòkòrò inú ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kẹ́míkà yẹn bá pàdé òógùn àti ìtọ̀ (ẹ má bínú, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni), wàhálà tí wọ́n jọ ń dá sílẹ̀ ló ń ta wá lójú, tí ojú á pọ́n kankan bíi tẹni tó sunkún mọ́jú.

Àmọ́, mélòó nínú wa ló rí púùlù wọ̀? Púùlù ńlá tó wà ní National Stadium ní Sùúrùlérè, tí wọ́n kọ́ torí ìdíje All-Africa Games ọdún 1973, di ohun ìpatì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Púùlù òtẹ́ẹ̀lì ló pọ̀ nílùú, owó sì ni wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ fọ́tò ni wọ́n ń tìtorí ẹ̀ lọ. Wọ́n á dé ike sórí kí irun má baà tutù, omi ò ní í kọjá orúnkún wọn, wọ́n á ya fọ́tò 20, ó parí. Ẹ mọ ara yín o!

Ẹ wá wo àwọn ọmọ Makoko tí wọ́n ń gbé nínú ilé orí omi, àti àwọn ọmọ Ìlàjẹ létí òkun ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọ̀pọ̀ wọn ló ti mọ̀ ọ́n wẹ̀ kí wọ́n tó mọ A, B, D. Kò sẹ́ni tó gbowó lọ́wọ́ wọn, kò sí ògiri tó dá wọn dúró.

Adùn ibẹ̀ rèé

Ohun àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ ògiri tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yẹn. Nínú púùlù, bí ara bá ti ń gbóná, tí èémí ń bá ọwọ́ rìn, ògiri á ti dé, èèyàn gbọ́dọ̀ yí padà. Lójú ọ̀sà, kò sóhun tó jọ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ kan, ọwọ́ kejì, mí. Ọwọ́ kan, ọwọ́ kejì, mí. Títí tí èèyàn ò fi ní í kà á mọ́. Àwọn tó ń ṣe é sọ pé ibẹ̀ gan-an ni ọkàn ti máa ń fúyẹ́. Gbèsè, ọ̀gá ibi iṣẹ́, lándílọ́ọ̀dù, sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ, gbogbo ẹ̀ á bómi lọ. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe àṣìṣe pé ọ̀rọ̀ ìdààmú ọkàn ni Samuel tìtorí ẹ̀ bọ́ sọ́sà.

Ìkejì, omi iyọ̀ máa ń gbéni. Omi òkun wúwo ju omi lásán lọ nítorí iyọ̀ inú ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ara fi máa ń léfòó nínú ẹ̀ ju inú púùlù lọ. Ọ̀sà Èkó tún ní tiẹ̀ lọ́tọ̀. Lásìkò òjò, omi odò tó ń ya wọnú ẹ̀ á jẹ́ kí iyọ̀ ẹ̀ dín kù. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, òkun á gba ẹnu èbúté wọlé, iyọ̀ á tún pọ̀ sí i. Ẹni tó wẹ̀ níbẹ̀ lóṣù kejì àti ẹni tó wẹ̀ níbẹ̀ lóṣù keje, omi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wọ̀. Ti púùlù ò rí bẹ́ẹ̀, bó ṣe wà lánàá ló wà lónìí.

Ìkẹta, ojú àti ọpọlọ ń ṣiṣẹ́. Kò sí ìlà dúdú kankan nísàlẹ̀ ọ̀sà. Nígbà míì, èèyàn ò ní í rí ọwọ́ ara ẹ̀ nínú omi pàápàá. Ohun tí òmùwẹ̀ ń ṣe ni pé lẹ́yìn ìgbà mélòó kan tó bá fọwọ́ gbá omi, á gbé ojú sókè díẹ̀ bí ọ̀nì tó ń yọjú wo etí odò, á wo nǹkan gíga kan tó ti fi ṣàmì, bóyá igi àgbọn, bóyá òpó gíga kan, á sì tún dojú délẹ̀. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìlà oòrùn lá ní òun ń lọ, ìwọ̀ oòrùn lá bá ara ẹ̀. Ìgbì á gbé e sókè, á rí ìlú. Ìgbì á sọ̀ ọ́ kalẹ̀, omi nìkan lá máa rí. Púùlù wo ló fẹ́ ṣerú ẹ̀ féèyàn?

Ọ̀rọ̀ yìí ò sì bẹ̀rẹ̀ lónìí. Lóṣù kẹjọ ọdún 1875, ọ̀gá ọkọ̀ òkun kan, Matthew Webb, lúwẹ̀ẹ́ láti Dover nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Calais nílẹ̀ Faransé. Ibi tí òkun yẹn ti tóóró jù lọ tó kìlómítà 33, ìgbì sì ń gbé e síbí gbé e sọ́hùn-ún, wákàtí 21 àti ìṣẹ́jú 45 ló fi wà nínú omi. Nígbà tó di ọdún 1926, Gertrude Ederle, ọmọbìnrin ará Amẹ́ríkà, ṣe tiẹ̀ láàárín wákàtí tí kò pé 15, ó sì yá ju gbogbo ọkùnrin tó ti ṣe é ṣáájú ẹ̀ lọ. Ojú ti àwọn tó ní obìnrin ò lè ṣe é!

Ọdún 2008, ní Beijing, ni ìdíje kìlómítà 10 nínú omi gbalasa wọ Òlíńpíìkì. Nígbà tí wọ́n ṣe ti Tokyo lọ́dún 2021, Alice Dearing, tí ìyá ẹ̀ jẹ́ ọmọ Gánà, di obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó máa lúwẹ̀ẹ́ fún Bìrìtéènì ní Òlíńpíìkì, eré kìlómítà 10 yìí gan-an ló sì bá débẹ̀. Ipò 19 ló wà. Ẹni tó bá tún sọ níwájú yín pé eré omi kì í ṣe ti èèyàn dúdú, ẹ sọ ti ọmọbìnrin yẹn fún un.

Ṣùgbọ́n omi ò mojú ẹnì kankan

Webb tá a sọ̀rọ̀ ẹ̀ lókè yìí, ṣé ẹ mọ bó ṣe kú? Lóṣù keje ọdún 1883, ó ní òun máa lúwẹ̀ẹ́ gba ibi tí odò Niagara ti ń ru gùdù nísàlẹ̀ ibi tó ti ń já láti òkè. Omi gbé e lọ, ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n tó rí òkú ẹ̀. Ọkùnrin tó fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ la òkun kọjá! Òun ló jẹ́ káwọn àgbà máa sọ pé òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀, etí odò ló máa dúró sí.

Ká má tíì lọ jìnnà. Lọ́jọ́ 18, oṣù kẹjọ, ọdún 2012, òkun ru bo etíkun Kuramo ní Victoria Island, ó sì gbé àwọn èèyàn lọ. Àwọn tó ń gbé lórí ilẹ̀ níbẹ̀ ni òkun wá bá, wọn ò lọ lúwẹ̀ẹ́ rárá.

Ohun tó tún máa ń pa èèyàn létíkun wa ni omi tó ń fani padà sínú agbami. Ìgbì tó ti rọ́ wá sétí ilẹ̀ gbọ́dọ̀ padà síbi tó ti wá, á wá ojú ọ̀nà tóóró kan, á sì máa fi agbára gba ibẹ̀ lọ. Ẹni tó bá bọ́ sójú ọ̀nà yẹn, á kàn rí i pé òun ń jìnnà sílẹ̀ ni. Ẹ̀rù á bà á, á kọjú sétíkun, á máa bá omi jà títí agbára á fi tán. Bẹ́ẹ̀, òmùwẹ̀ tó gbọ́n kì í bá a jà. Á léfòó, á mí, á juwọ́ kí wọ́n lè rí i, lẹ́yìn náà lá wá wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́, bí ẹni tó ń rìn lọ lẹ́bàá etíkun, títí tó fi máa jáde lójú ọ̀nà omi ọ̀hún. Ìgbà yẹn ló tó máa darí sílẹ̀. Ẹ gé ibí yìí pa mọ́, kẹ́ ẹ kà á fáwọn ọmọ yín.

Ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí tún wà níbẹ̀. Ní àgbègbè dáàmù Ọ̀yán, nítòsí Abẹ́òkúta, àtọ̀sí ajá ti bá ọ̀pọ̀ ọmọdé jà. Ìgbín kéékèèké inú omi ló ń gbé kòkòrò ẹ̀, kò sì dìgbà téèyàn bá mu omi ọ̀hún, ara ló ń gbà wọlé. Ọ̀sà tiwa náà, bí òjò ńlá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ibẹ̀ ni gọ́tà ìlú ń dà sí.

Kì í sì í ṣe tiwa nìkan. Ọdún 1923 ni wọ́n ti fòfin de ìlúwẹ̀ẹ́ nínú odò Seine ní Paris. Owó tó tó bílíọ̀nù 1.4 yúrò ni wọ́n ná láti tún un ṣe de Òlíńpíìkì ọdún 2024, síbẹ̀, òjò rọ̀, ìdọ̀tí ya wọ̀ ọ́, wọ́n ní láti fi ọjọ́ kan sún eré triathlon àwọn ọkùnrin síwájú. Oṣù keje ọdún 2025 ni wọ́n tó jẹ́ kí mẹ̀kúnnù wẹ̀ níbẹ̀. Bí àwọn yẹn bá ń yẹ omi wò kí wọ́n tó wọ̀ ọ́, kí la wá fẹ́ sọ?

Kí wá ni ṣíṣe?

Ẹ kọ́kọ́ kọ́ ọ nínú púùlù. Ẹni tí kò bá tíì lè wẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìdi ògiri mú, kó má tíì ronú ọ̀sà. Ẹ má dá lọ láé. Ẹni tó bá fẹ́ wẹ̀ jìnnà, ọkọ̀ ojú omi ló yẹ kó máa tẹ̀ lé e, kó sì dé fìlà tó pọ́n tàbí tó mọ́ rokoṣo káwọn ọlọ́kọ̀ lè rí orí ẹ̀ lókèèrè. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn apẹja ibẹ̀, wọ́n mọ ìgbà tí omi ń wọlé àti ìgbà tó ń jáde. Ẹni tó bá ti mu ọtí, kó jókòó jẹ́ẹ́ sórí iyanrìn. Ní ti ibi tó dáa láti fi bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó, Tarkwa Bay fara rọ díẹ̀ ju àwọn etíkun tó kọjú sí agbami, torí òkúta tí wọ́n tò sẹ́nu èbúté ń gba ìjà òkun fún un. Síbẹ̀, ẹ máa wẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀ ni, ẹ má kọrí sí àárín omi.

Omi ló yí Èkó ká. Ojoojúmọ́ làwọn èèyàn ń wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ìkòròdú lọ sí Erékùṣù, tí wọ́n wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń gbàdúrà lábẹ́lẹ̀ torí wọn ò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Kéèyàn máa bẹ̀rù nǹkan tó yí ilé ẹ̀ ká látìgbà èwe títí dọjọ́ ogbó, ìyà gidi nìyẹn.

Tiwa ni pé púùlù ni ilé-ìwé, ọ̀sà ni ayé. Ẹni tó jókòó sílé-ìwé títí tó fi darúgbó kò tíì gbé ayé. Ẹni tó sì sá nílé-ìwé, ayé á fojú ẹ̀ rí màbo. Kọ́kọ́ kẹ́kọ̀ọ́ ẹ, kó o wá wá ọjọ́ kan tí omi tutù, tí òjò ò rọ̀, tí ẹnì kejì wà pẹ̀lú ẹ, kó o bọ́ síbi tí kò sí ògiri. Ká má rìn lọ́jọ́ tómi ń bínú o.