OHUN TÍ KÒ SÍ LÓRÍ ÀTẸ ỌJÀ'BA

Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ọjà rírà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo fẹ́ bá yín sọ. Kì í ṣe ti ìrẹsì àti òróró o, ìyẹn wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ. Ti àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tí ẹni tó ní iṣẹ́ ọwọ́ tó fi ń dá ara rẹ̀ lára yá máa ń wá títí, tí kì í rí, ni.

Ọ̀rọ̀ náà kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Beyerunka ni wọ́n bí mi sí. Ìyá mi a máa fi ìyẹ́ adìyẹ ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ẹ̀kọ láfún tó ní álọ́ọ̀mù nínú ni wọ́n ń yà sára aṣọ funfun, kí aró má baà wọ ibẹ̀. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni "Ìbàdàndùn", tó ní àwòrán àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó, ilé tí wọ́n ṣí ní 1929. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, mo ní kí n máa fi iṣẹ́ náà najú. Láfún wà, ìyẹ́ adìyẹ wà, aṣọ funfun wà. Aró ńkọ́? Ìyá tó ń ta èlú fún ìyá mi ní Ọjà'ba ti re àjò àrèmabọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀.

Mi ò dá àwọn ọlọ́jà lẹ́bi. Ta ni yóò há owó rẹ̀ mọ́ ohun tí ènìyàn méjì péré ń bèèrè lọ́dún? Ṣùgbọ́n bí ènìyàn méjì ní Ìbàdàn, mẹ́ta ní Abẹ́òkúta àti márùn-ún ní Òṣogbo bá ń rà á lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, olúwarẹ̀ ti rí ọjà tà. Ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti wúlò gan-an nìyẹn. Láti 2012, tí Jumia àti Konga bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ni irú ọjà rírà yìí ti ń mọ́ wa lára. Lónìí, ẹlòmíràn ń ta aró, ìlẹ̀kẹ̀ tàbí okùn gìtá lórí WhatsApp láti inú yàrá rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣe mí. Mo rí aró kan lórí fóònù tí wọ́n pè ní "indigo". Mo sanwó, wọ́n sì gbé e dé. Mo fi pa aṣọ yáàdì márùn-ún láró, èyí tí ọmọ mi obìnrin fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Ó dúdú dáadáa. Ìgbà tí a fọ̀ ọ́, gbogbo rẹ̀ bá omi lọ! Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo sunkún lọ́jọ́ náà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa, tó kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́míkà, ló là mí lójú.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀?"

"Indigo ni wọ́n kọ, ọmọ mi."

"Orúkọ àwọ̀ lásán nìyẹn, Mà. Aró irun àgùntàn ni wọ́n tà fún yín, kì í mú lára òwú. Ẹ máa wo 'Vat Blue 1'. Orúkọ tí ojúlówó ń jẹ́ káàkiri ayé nìyẹn."

Ojúlówó yìí, ìbáà ṣe ti ewé èlú, ìbáà ṣe èyí tí àwọn ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í fi kẹ́míkà ṣe tà ní 1897, ohun kan náà ni. Kì í yòrò nínú omi lásán. Omi eérú ni àwọn ìyá wa ń lò. Kọ́sítíìkì sódà àti háídírósọ́fáìtì ni tòde òní. (Kọ́sítíìkì ń bó ara o, ẹ wọ ìbọ̀wọ́.) Bí ẹ bá kọ́kọ́ fa aṣọ yọ, àwọ̀ ewé ni ẹ óò rí, afẹ́fẹ́ ni yóò sọ ọ́ di aró lójú yín. Bí ó bá ti inú omi dúdú wá, ẹ fura.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí:

1. Kí a bèèrè orúkọ ọjà gan-an kí a tó sanwó.

2. Kí a kọ ohun tí a fẹ́ fi í ṣe ránṣẹ́ sí òǹtajà, kí a sì tọ́jú ìdáhùn rẹ̀. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018 sọ pé bí ọjà kò bá yẹ fún ohun tí a ti sọ fún un, a lè tètè dá a padà, kí a gba gbogbo owó wa. Èmi kò kọ nǹkan kan, ẹnu mi kò sì gbà á.

3. Kí a fi àkísà dán an wò ná.

4. Kí a da owó pọ̀. Owó tí wọ́n fi ń gbé ìdì kékeré kan wá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti mẹ́rin.

Nígbà kejì, àwa mẹ́rin la jọ rà á, owó ọkọ̀ kan la san. Ọmọ mi sì wọ Ìbàdàndùn lọ́jọ́ ayọ̀ rẹ̀, òpó Mápó funfun nini lára rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá ń wá ohun èlò iṣẹ́ ọwọ́ kan, kó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ jẹ́ kí á jọ rà á.