Ọkọ fẹ́ sin adìẹ, ìyàwó ní kò sáyè lẹ́yìnkùlé: Bí tọkọtaya ṣe lè fẹnu ọ̀rọ̀ jóná

Adìẹ kì í ṣe àlejò nílùú Ilé-Ogbó, tí í ṣe olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ayédire, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹni tó bá gba àárín àwọn agbo ilé kọjá láàárọ̀ yóò rí àgbébọ̀ tó ń kó ọmọ rẹ̀ jẹ̀ kiri, yóò sì gbọ́ bí àkùkọ ṣe ń kọ. Ṣùgbọ́n adìẹ tó ń jẹ̀ kiri lágbo ilé lọ́tọ̀, adìẹ tí èèyàn kọ́lé fún lẹ́yìnkùlé, tó ń fowó ra oúnjẹ fún lójoojúmọ́, lọ́tọ̀. Irú kejì yìí ló máa ń dá awuyewuye sílẹ̀ láàrin ọkọ àti aya, pàápàá láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí owó ọjà gbogbo sì gbówó lórí, tí ẹyin náà kò gbẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ti ń rò ó pé bí àwọn bá ní adìẹ mẹ́wàá péré lẹ́yìnkùlé, àwọn ọmọ yóò máa rí ẹyin jẹ, owó díẹ̀ yóò sì máa wọlé.

Èrò náà dára, àmọ́ ẹnu méjì ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ká ní bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ló gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Kó tó sọ ọ́ dé ìdajì, ìyàwó ti dá a lóhùn pé, "Bàbá àwọn ọmọ, ta ni yóò máa gbá ìgbẹ́ wọn?" Inú bí bàbá. Ó gbà pé ìyàwó òun kò fẹ́ ìlọsíwájú. Ìyàwó pẹ̀lú gbà pé ọkọ òun fẹ́ fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ òun. Bí wọ́n ṣe sun ọ̀rọ̀ náà sọ́jọ́ mìíràn nìyẹn, ọjọ́ náà kò sì dé mọ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ọkọ kò fi bẹ́ẹ̀ rò ni pé ìbéèrè ni ìyàwó yẹn béèrè, kò tíì sọ pé rárá. Ẹni tó bá fẹ́ pàrọwà fún ẹnì kejì rẹ̀ lórí ọ̀sìn adìẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹnì kejì ń bẹ̀rù, kó sì wá èsì tó ṣeé fọwọ́ bà fún un. Adùn ẹnu nìkan kò lè ṣe é.

Iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í rí

Àwọn àgbà ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ obìnrin nínú ilé rí. Ẹni tó ń jí ní kùtù láti dáná, tó ń wẹ ọmọ fún ilé ìwé, tó tún ń gbé igbá ọjà, mọ̀ pé bí adìẹ bá wọlé, òun ni omi wọn, oúnjẹ wọn àti ìgbẹ́ wọn yóò já lé léjìká nígbẹ̀yìn. Ọkọ lè fi ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ náà tọkàntọkàn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìpàdé ẹgbẹ́ yóò dé, òkú ṣíṣe yóò dé, adìẹ yóò sì máa ké nítorí òùngbẹ. Ta ni yóò gbọ́ igbe wọn? Ẹni tó wà nílé ni.

Nítorí náà, ìpinnu lórí iṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Kí ẹni tó fẹ́ adìẹ sọ ní gbangba iṣẹ́ tí yóò jẹ́ tirẹ̀: òun ni yóò máa fún wọn lómi láàárọ̀, òun ni yóò máa palẹ̀ ìgbẹ́ mọ́, ọmọ báyìí ni yóò sì máa ṣe é lọ́jọ́ tí òun kò bá sí nílé. Bí ó bá lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ilé kí adìẹ tó dé, ẹnì kejì yóò gbà á gbọ́ kíákíá ju bí ó ṣe lè gba ìlérí ẹnu gbọ́ lọ.

Òórùn àti ariwo

Ẹ̀rù òórùn kì í ṣe àsọdùn, ṣùgbọ́n ó ní ìdí. Ọ̀rinrin ló ń sọ ìgbẹ́ adìẹ di ohun tó ń ta èèyàn nímú. Bí ilẹ̀ ilé adìẹ bá gbẹ, tí afẹ́fẹ́ sì ń wọlé dáadáa, òórùn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ilé ìdáná. Wọ́n lè da pàǹtí pákó tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ń gbá dànù sí ilẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n máa tú u lóòrèkóòrè, kí wọ́n sì máa kó ibi tó bá tutù kúrò lọ́gán. Òrùlé kò gbọ́dọ̀ jò, abọ́ omi kò sì gbọ́dọ̀ máa dànù. Fún adìẹ mẹ́wàá, ilé tó fẹ̀ tó mítà méjì ní gígùn, tó sì jẹ́ mítà kan àti ààbọ̀ ní ìbú, kò ní há wọn mọ́ra. Àwọ̀n onírin tó lágbára ló yẹ kí wọ́n fi yí i ká, nítorí ejò, ológbò àti olè. Ìgbẹ́ tí wọ́n bá kó kúrò, tí wọ́n jẹ́ kó jẹrà fún oṣù díẹ̀, ajílẹ̀ gidi ni fún tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ. Ìyàwó tó ń fowó ra ẹ̀fọ́ lójoojúmọ́ kò ní gbójú fo ìyẹn.

Ní ti ariwo, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ̀ pé adìẹ lè yé ẹyin láìsí àkùkọ nítòsí. Ìgbà tí èèyàn bá fẹ́ kí ẹyin di ọmọ nìkan ni àkùkọ pọn dandan. Ilé tó bá jẹ́ pé ẹyin jíjẹ ni wọ́n ń wá kò nílò ẹni tí yóò máa kọ ní aago mẹ́rin ìdájí sétí ọmọ ìkókó tàbí sétí alábàágbé.

Ìrántí òkú adìẹ

Ẹ̀rù tó wúwo jù lọ ni ti àrùn. Bóyá ìyàwó tó kọ̀ yìí ti rí i rí, nígbà tí ìyá rẹ̀ fi owó àjọ ra adìẹ, tí gbogbo wọn sì kú tán láàrin ọjọ́ díẹ̀. Àrùn Newcastle, èyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sin adìẹ mọ̀ sí lùkúlùkú, ló sábà máa ń ṣe irú ọṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìlú Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní Nàìjíríà, láàrin ìparí ọdún 1952 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1953. Adìẹ tó bá ní in yóò káwọ́ gbera, ìgbẹ́ rẹ̀ yóò di aláwọ̀ ewé, ọrùn rẹ̀ lè lọ́ pọ̀, kò sì sí oògùn tó ń wò ó lẹ́yìn tó bá ti mú adìẹ tán. Àsìkò ọyẹ́ ló máa ń jà jù.

Àjẹsára nìkan ni ààbò. Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí nípa àìsàn ẹran ọ̀sìn, èyí tó wà ní Vom, nítòsí Jọ́ọ̀sì, láti ọdún 1924, ń pèsè oògùn yìí. Wọ́n máa ń kán irú kan sójú adìẹ, wọ́n máa ń po irú kan mọ́ omi mímu, wọ́n sì máa ń gún irú kan lábẹ́rẹ́. Inú òtútù ló yẹ kí oògùn náà wà kí wọ́n tó lò ó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irú èyí tí wọ́n ń pè ní I-2 lè fara da ooru ju àwọn yòókù lọ. Níwọ̀n bí ìgò kan ti máa ń tó adìẹ tó pọ̀ ju ti ilé kan lọ, tí kò sì ṣeé tọ́jú mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pò ó, ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kí ìdílé bíi mélòó kan ládùúgbò pawọ́ pọ̀, kí wọ́n ké sí dókítà ẹranko lọ́jọ́ kan náà. Ọkọ tó bá ti bá dókítà sọ̀rọ̀, tó sì mọ ọjọ́ àjẹsára kó tó mú adìẹ wálé, ti dáhùn ìbéèrè tó le jù.

Àrùn bird flu náà wà níbẹ̀. Oṣù kejì ọdún 2006 ni wọ́n kéde rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Kaduna, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò wọ ilẹ̀ Áfíríkà nìyẹn. Ní oṣù kìíní ọdún 2007, wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó pa obìnrin kan l'Ékòó. Ó tún padà dé ní 2015. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí adìẹ máa sùn sínú ilé ìdáná, tí ọmọdé kò fi gbọdọ̀ máa fi òkú adìẹ ṣeré, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ jẹ adìẹ tó déédéé kú. Ọwọ́ fífọ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lẹ́yìn tí wọ́n bá kúrò nílé adìẹ jẹ́ dandan.

Ìṣirò owó

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọkọ ti máa ń parọ́ fún ara wọn. Adìẹ àgíríìkì tó ń yé ẹyin máa ń jẹ nǹkan bíi gíráàmù 120 lójúmọ́. Mẹ́wàá yóò jẹ kílò kan àti díẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé àpò oúnjẹ oní kílò 25 yóò tó wọn fún nǹkan bí ogúnjọ́. Bí wọ́n bá ń yé dáadáa, wọ́n lè mú ẹyin méje tàbí mẹ́jọ wá lójúmọ́, ìyẹn nǹkan bíi kírétì márùn-ún láàrin ogúnjọ́ yẹn. Kí tọkọtaya mú iye tí wọ́n ń ta àpò oúnjẹ lọ́jà Ìwó, kí wọ́n fi wé iye kírétì márùn-ún, ìdáhùn yóò yọjú.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n má gbàgbé pé òròmọdìẹ tí wọ́n rà lónìí yóò jẹun fún oṣù mẹ́rin sí márùn-ún kó tó yé ẹyin kan ṣoṣo. Adìẹ ìbílẹ̀ kò ná wọn ní oúnjẹ púpọ̀, àmọ́ ẹyin rẹ̀ kì í sábà ju 60 lọ láàrin ọdún kan. Láàrin méjèèjì ni àwọn irú bíi FUNAAB Alpha, tí wọ́n ṣe ní yunifásítì ètò ọ̀gbìn tó wà l'Ábẹ́òkúta, àti Noiler, tí ilé-iṣẹ́ Amo ń pa l'Áwẹ́, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, wà. Wọ́n lè jẹ̀ nínú ọgbà, wọ́n sì tún dára fún ẹran.

Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, tí kò jìnnà sí Ilé-Ogbó, ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Níbẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti péjọ ní 1989, tí wọ́n sì dá ẹgbẹ́ tó ń rí sí adìẹ ìgbèríko ní Áfíríkà sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Funṣọ Sonaiya láti yunifásítì náà ló tún darí apá ti Nàìjíríà nínú ìwádìí kan tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014, tó sì kan Ethiopia àti Tanzania pẹ̀lú. Adìẹ bíi ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà, tó ti gba àjẹsára, ni wọ́n kó fún àwọn ìdílé, kì í ṣe ọlọ́jọ́ kan. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀: ewu àti wàhálà ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ti kọjá lórí irú adìẹ bẹ́ẹ̀.

Ta ni yóò ni ín?

Ìbéèrè yìí ti ba ọ̀pọ̀ nǹkan jẹ́ láàrin ọkọ àti aya. Obìnrin sin adìẹ, àlejò ọkọ dé, ọkọ ní kí wọ́n mú àgbébọ̀ kan pa. Kò béèrè, kò sì san án padà. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, obìnrin náà kò ní fẹ́ gbọ́ orúkọ adìẹ mọ́. Yorùbá kò ṣàìmọ àdéhùn lórí adìẹ. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá ní àgbébọ̀ lè gbé e fún ẹlòmíràn sìn, àwọn méjèèjì yóò sì pín ọmọ tó bá pa. Bí àjèjì bá lè bá àjèjì ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ọkọ àti aya lè ṣe é. Kí wọ́n fẹnu kò lórí ẹyin tí ilé yóò jẹ, èyí tí wọn yóò tà, ẹni tí owó rẹ̀ yóò máa wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa adìẹ láìjẹ́ kí ẹnì kejì mọ̀.

Bí ó bá jẹ́ ọkọ ló kọ̀, ọ̀rọ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀. Ó lè jẹ́ pé ilé onílé ni wọ́n ń gbé, tó sì ń bẹ̀rù ẹnu onílé. Ó lè jẹ́ adìẹ tó wọ àgbàdo aládùúgbò tó sì dá ìjà sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ló ń rántí. Ìyàwó tó bá ti gba àṣẹ onílé, tó sì lè fi hàn pé inú ọgbà ni adìẹ yóò máa wà, ti já ohun tó so ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀.

Bí wọn yóò ṣe gbé e kalẹ̀

Kò yẹ kí wọ́n gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ nígbà tí owó ilé ìwé bá ń lé wọn kiri, tàbí níṣojú àlejò. Kí wọ́n jọ lọ wo ilé adìẹ ẹni tó ń ṣe é dáadáa, kí ẹni tó kọ̀ fi imú ara rẹ̀ gbọ́ òórùn rẹ̀, kó sì bi obìnrin ilé náà léèrè bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí. Kí wọ́n fi adìẹ mẹ́rin tàbí márùn-ún bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì dá oṣù mẹ́fà, pé lọ́jọ́ náà àwọn yóò jókòó wò ó bóyá kó tẹ̀ síwájú tàbí kó dúró. Bí ó bá sì jẹ́ dandan kó dúró, kí ẹni tó fẹ́ ẹ gbà láìbínú.

Èyí tó burú jù ni kí ọkọ lọ gbé àpótí òròmọdìẹ wálé láìsọ fún ẹnikẹ́ni, pẹ̀lú èrò pé ìyàwó yóò gbà nígbà tó bá rí wọn. Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Ilé tí adìẹ bá fipá wọ̀ lè máa rí ẹyin lójoojúmọ́ láìrí ìfọ̀kànbalẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé tí àwọn méjèèjì bá ti jọ sọ ọ́, tí iṣẹ́ àti èrè rẹ̀ kò fara sin fún ẹnikẹ́ni, òwúrọ̀ ọjọ́ kan yóò dé tí ìyàwó tó kọ̀ lánàá yóò dìde fúnra rẹ̀ lọ ká ẹyin àkọ́kọ́.