BÍ ẸNI TÓ MỌ̀ Ọ́N KÒ BÁ SÍ NÍLÉ ŃKỌ́?

  

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo mú wá lóṣù yìí. Kí ìyá wa tó ń ta iṣu má ṣe sọ pé kò kan òun, nítorí owó òun náà wà níbẹ̀. Níbi ìpàdé àpapọ̀ wa tó ń bọ̀, a ó jíròrò bóyá ká gbé àkọsílẹ̀ owó ìfipamọ́ àti owó yíyá wa sórí kọ̀ǹpútà tí a háyà, dípò kó wà nínú lẹ́jà nìkan.

Àwọn ọ̀dọ́ ń pe irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ní cloud, àwọn kan sì rò pé ojú sánmà ló wà. Rárá o. Ilé ńlá tó kún fún ẹ̀rọ ni, wọ́n sì ń gba owó háyà lórí rẹ̀ bí onílé ṣe ń gba owó ṣọ́ọ̀bù. Ní 2006 ni Amazon bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú ẹ̀rọ yìí háyà fún aráyé. Ní 2020, ó ṣí ọ̀kan sí Cape Town, ní Gúúsù Áfíríkà.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba ṣọ́ọ̀bù, òfìfo ló máa bá. Òun ni yóò kan pákó, tí yóò to ọjà, tí yóò ra àgádágodo. Bákan náà ni kọ̀ǹpútà yìí. Ilẹ̀kùn wo ni ká ṣí, èwo ni ká tì? Ta ló mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́? Níbo ni ẹ̀dà ìwé wa wà bí ẹ̀rọ bá kú? Bí ọmọkùnrin kan ṣoṣo bá mọ gbogbo èyí, tó sì rí iṣẹ́ sí Èkó, ta ni yóò ṣílẹ̀kùn fún wa lọ́jọ́ tí ọmọ ẹgbẹ́ bá fẹ́ gba owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀? Ìdí nìyí tí ìwé ìtọ́ni fi ṣe kókó, ìyẹn ìwé tó to iṣẹ́ náà ní ẹsẹẹsẹ.

Ìwé tí ẹnì kan kọ tó sì fi sílẹ̀ kì í pẹ́ gbó. Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ nílò ìwé ẹ̀rí tí kì í jẹ́ kí olè ka ohun tí a ń fi ránṣẹ́. Let's Encrypt bẹ̀rẹ̀ sí í fún gbogbo ènìyàn ní 2015, ọ̀fẹ́ ni, ọjọ́ 90 ló sì fi sí i. Ní 2025, wọ́n kéde pé yóò di ọjọ́ 45 tó bá fi máa di 2028. Ẹni tó bá wá ń tẹ̀lé ìwé àtijọ́, tó ní òun ń dúró de oṣù mẹ́ta, á kàn bá ìdènà lẹ́nu ọ̀nà ni.

Báwo ni àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ṣe ń ṣe é? Wọ́n ń fi ìwé ìtọ́ni sí gbangba. Ẹni tó bá rí àṣìṣe á kọ àtúnṣe rẹ̀, á fi ránṣẹ́; alábòójútó á yẹ̀ ẹ́ wò kó tó gbà á wọlé. Git, tí Linus Torvalds ará Finland ṣe ní 2005, ló ń tọ́jú orúkọ ẹni tó yí i padà, ọjọ́ tó yí i, àti ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣé ẹ rí i pé kò yàtọ̀ sí ìwé ìpàdé wa? Akọ̀wé kì í fi rọ́bà pa ọ̀rọ̀ rẹ́. Ìlà kan ló ń fà lé e, á sì fọwọ́ sí i.

Àwọn ọmọ wa náà wà nínú rẹ̀. Ní 2018, Samson Goddy àti Ada Nduka Oyom dá Open Source Community Africa sílẹ̀, wọ́n sì ṣe àpèjọ ńlá wọn àkọ́kọ́ ní Èkó ní oṣù kejì 2020. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ pé kì í ṣe ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó tún ìwé ìtọ́ni ṣe náà ṣiṣẹ́.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọ̀gá máa ń fo ìpele kan nítorí pé ó ti mọ̀ ọ́n lórí. Ẹni tuntun ló máa kọsẹ̀ níbẹ̀, òun ló sì máa fi ibẹ̀ hàn wá. Àwọn èèyàn 28 tó dá ẹgbẹ́ Rochdale sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1844 kọ òfin wọn sílẹ̀, àwọn ìlú mìíràn sì wò ó kọ́. Ká ní inú orí wọn ló wà ni, ì bá ti bá wọn wọ ilẹ̀.

Nítorí náà, kí á tó dìbò, mo dá a lábàá pé:

1. Kí ẹni tí a bá gbé iṣẹ́ fún kọ ìwé ìtọ́ni ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, kó fi ẹ̀dà kan sí ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n kó má kọ ọ̀rọ̀ àṣírí sínú rẹ̀ o. Àpótí ìṣúra ni ìyẹn ń gbé.
2. Kí ọmọ ẹgbẹ́ méjì mìíràn fi ìwé náà ṣe iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹni tó kọ ọ́ má sọ̀rọ̀. Ibi tí wọ́n bá ti dúró, ibẹ̀ ni ká tún ṣe.
3. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí á tún un yẹ̀ wò, kí á kọ ọjọ́ àti orúkọ sí i.

Tí èyí kò bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ ká ṣì di lẹ́jà wa mú. Ẹ wá sí ìpàdé, ẹ mú ìbéèrè lọ́wọ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ire o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́