ÀRÙN Ọ̀RÁ INÚ Ẹ̀DỌ̀ NÍGBÀ OYÚN

Ẹ̀yin aboyún àti ẹ̀yin agbẹ̀bí, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ̀dọ̀ ni ó ń mú ìdọ̀tí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Òun ni ó ń pèsè ṣúgà fún ara nígbà tí a kò bá jẹun, òun náà ni ó sì ń ṣe èròjà tí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì. Àrùn kan wà tí ó máa ń kó ọ̀rá kún ẹ̀dọ̀ aboyún, pàápàá ní oṣù mẹ́ta ìkẹyìn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹ̀dọ̀ lè kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Kì í ṣe epo tàbí ẹran ọlọ́ràá tí ẹ jẹ ni ó fà á. Àrùn náà kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń pani bí a bá fi falẹ̀. Ó máa ń mú olóyún ìbejì ju ẹlòmíràn lọ.

Ohun tí aboyún yóò máa ṣọ́

1. Èébì tí ó tún bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oyún ti dàgbà.
2. Inú ríro lápá òkè, tàbí lábẹ́ ìhà ọ̀tún.
3. Òùngbẹ àgbẹjù àti ìtọ̀ lemọ́lemọ́.
4. Funfun ojú tí ó di àwọ̀ ìyeyè.

Ẹ má ṣe pè é ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ lásán, kí ẹ jókòó sílé máa mu àgbo.

Bí agbẹ̀bí yóò ṣe mọ ẹni tí ewu rẹ̀ pọ̀ jù

Ní ọdún 2002, àwọn dókítà ní Swansea, ní ilẹ̀ Wales, to àmì 14 jọ. Bí aboyún bá ní 6 nínú wọn, tí a kò sì rí àrùn mìíràn tí ó fà á, a lè sọ pé àrùn yìí ni. Ṣùgbọ́n àwọn àmì wọ̀nyí ni ó ń sọ pé ẹ̀mí wà nínú ewu:

- Ó ń sọ ìsọkúsọ, tàbí oorun ń kùn ún ṣáá.
- Ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní èrìgì tàbí ojú abẹ́rẹ́.
- Ìtọ̀ rẹ̀ dínkù gidigidi.
- Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó 4 mmol/l.
- Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dì. Ẹ fa mílílítà 2 sínú ìgò àyẹ̀wò kékeré tí ó mọ́ tí ó sì gbẹ. Ẹ dì í mọ́ àtẹ́lẹwọ́ kí ó lè lọ́wọ́ọ́rọ́. Bí kò bá dì lẹ́yìn ìṣẹ́jú 7, tàbí tí ó dì tí ó sì tètè tú, ewu ti dé.

Ẹ má ṣe dúró títí gbogbo rẹ̀ yóò fi pé. Bí ṣúgà bá ti lọ sílẹ̀, ẹ fún un ní glúkóòsì sínú iṣan, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ó ní yàrá iṣẹ́ abẹ àti ẹ̀jẹ̀. Kí àwọn ẹbí tí ó lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ bá a lọ.

Ìtọ́jú rẹ̀

Ìbímọ ni ìtọ́jú àrùn yìí, bí oṣù kò tilẹ̀ tíì pé. Lẹ́yìn ìbímọ, ẹ̀dọ̀ a máa bẹ̀rẹ̀ sí í sàn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ ìyá, kí ẹ sì yẹ ṣúgà ọmọ wò. Láyé àtijọ́, èyí tí ó pọ̀ nínú àwọn tí ó ní in ni ó ń kú. Nínú àwọn ìyá 57 tí a kà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2005 sí 2006, ẹnì kan ṣoṣo ni ó kú. Mímọ̀ ọ́n kíákíá àti gbígbẹ̀bí láìjáfara ni ó mú ìyàtọ̀ yìí wá.

Bí ẹ bá rí àmì wọ̀nyí lóru, ẹ má ṣe dúró kí ilẹ̀ mọ́. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lóru náà.